Bí ẹ ṣe lè wọ ilé ìtọ́jú nítorí ọtí tàbí oògùn olóró, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí ẹsẹ̀ bá tún yọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wọ ilé ìtọ́jú máa ń rò pé ọjọ́ tí òun bá jáde níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ẹbí náà á ti máa dúpẹ́, wọ́n á ní ó ti bọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó le jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣègùn tó ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò sọ pé nínú 100 èèyàn tó gba ìtọ́jú, bí 40 sí 60 ló máa ń tún fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Iye yẹn kò ju ti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée (asthma) lọ, tí àìsàn wọn tún máa ń gbérí lẹ́yìn ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó máa ń bú ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé ìfúnpá rẹ̀ tún gòkè. Wọ́n á yẹ oògùn rẹ̀ wò, wọ́n á tún un ṣe ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù lọ nìyí: inú ilé ìtọ́jú, nígbà tí ojú yín dá, ni kí ẹ ti kọ ohun tí ẹ ó ṣe bí ẹ bá tún mu ún. Ẹni tí kò bá ṣètò sílẹ̀, ìtìjú ló máa bá a ṣètò, ibi tí ìtìjú bá sì mú èèyàn lọ kì í dára.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ má dá jáwọ́ lójijì nínú ilé

Bó bá jẹ́ ọtí lẹ ń mu lójoojúmọ́, tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n láàárọ̀ títí ẹ ó fi mu ife àkọ́kọ́, ẹ má dá a dúró láìrí dókítà. Láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn ife tó kẹ́yìn, gìrì lè mú èèyàn. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ọpọlọ lè dàrú: èèyàn á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara á gbóná, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó. Èyí lè pa èèyàn bí kò bá sí ìtọ́jú. Bákan náà ni ti oògùn oorun àti oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ bíi diazepam àti alprazolam. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín wọn kù, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó sì lè gba oṣù.

Ti heroin, kọdíìn àti tramadol kì í sábà la ẹ̀mí lọ béèyàn bá ń fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Imú á máa ṣomi, egungun á máa ro, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á dé, oorun á sá lọ. Fún heroin àti irú rẹ̀ tí kì í pẹ́ lára, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 8 sí 24, ó sì máa ń gba bí ọjọ́ 4 sí 10. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí omi ara gbẹ. Kokéènì àti methamphetamine ní tiwọn, ọkàn ni wọ́n máa ń bá jà. Ìrẹ̀wẹ̀sì lè pọ̀ débi pé èèyàn á máa ro ikú. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an. Ojútì máa ń jẹ́ kí èèyàn dá a sí méjì, kó sọ ẹyọ kan. Ìdajì tí ẹ sọ yẹn ni wọ́n á fi díwọ̀n oògùn tí wọ́n á fún yín, ara yín ni yóò sì jẹ ìyà ìdajì tó kù. Ẹni tó ti mutí pẹ́, kó béèrè nípa vitamin B1. Bí kò bá tó lára, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí láé, bẹ́ẹ̀ ohun tó rọrùn láti fúnni ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ilé náà wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́

Ẹ má fi ti ẹwà ilé tàbí àwòrán tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe. Ẹ lọ síbẹ̀, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ó béèrè: ta ló máa ń wà níbẹ̀ lóru bí gìrì bá mú èèyàn? Dókítà wo ló ń bójú tó ọjọ́ àkọ́kọ́? Ṣé ẹ máa ń lo àwọn oògùn tó ń ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú heroin tàbí ọtí, bíi methadone, buprenorphine, naltrexone tàbí acamprosate, fún ẹni tó bá yẹ? Kí lẹ máa ń ṣe fún ẹni tó bá mu ún nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín? Bí mo bá jáde, ta ni màá máa rí, báwo ni màá sì ṣe máa rí i?

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ jù. Bí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, tàbí tí wọ́n ní "ẹ máa pè wá bó bá yá," wọn kò ní ètò kankan fún ẹ̀yìn ọ̀la yín. Ilé tó mọṣẹ́ á ti dá ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ fún yín kí ẹ tó di ẹrù yín.

Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn, tí wọ́n ń nà án, tàbí tí wọ́n ń febi pa á, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú, orúkọ yòówù tí wọ́n ìbáà máa pè é. Ẹ má mú èèyàn yín lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì bá yín ṣèlérí pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé, owó yín ló ń wò.

Ní ti iye ọjọ́, 28 ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń sọ. Láti inú àwọn ilé ìtọ́jú Minnesota ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ni àṣà yẹn ti jáde, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni wọn ara wò tó rí i pé ọjọ́ 28 ló ń yá. NIDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí bárakú oògùn, ní ìtọ́jú tí kò bá tó 90 ọjọ́ kì í sábà so èso púpọ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ inú ilé ni gbogbo 90 ọjọ́ náà ti máa kọjá. Ẹ lè lo oṣù kan nínú ilé, kí ẹ sì máa ti ilé yín lọ rí agbaninímọ̀ràn fún ìyókù, tí ẹ kò bá ṣáà ti dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fojú fò. Àwọn kan á sọ pé ẹni tó ń lo methadone tàbí buprenorphine kàn pààrọ̀ bárakú kan sí òmíràn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sọ́run. Láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ àwọn méjèèjì sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí, nítorí pé wọ́n ń dín ikú kù, wọ́n sì ń jẹ́ kí èèyàn lè jí, kó lọ síbi iṣẹ́, kó tọ́jú ọmọ. Bí ilé kan bá sọ pé kí ẹ jáwọ́ nínú èyí tí dókítà yín fún yín kí àwọn tó gbà yín, ẹ wá ilé mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 3: Nígbà tí ẹ bá wà nínú ilé

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ti ara ni. Ẹ mu omi, ẹ jẹ ìwọ̀nba tó bá lè wọlé, ẹ sùn nígbà tí oorun bá dé. Ẹ má retí pé kí orí yín pé.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù ni ìgbà tí ara bá wá yá. Oúnjẹ ti ń wọlé, ojú ti ń tàn, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ọkàn yín á wá sọ pé, "Kí ni mo tún ń ṣe níbí? Mo ti gbádùn." Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ohùn yẹn ti mú kó ẹrù wọn kí ọjọ́ wọn tó pé. Bí ó bá dé, ẹ má bá a jà, ẹ má sì gbọ́ tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ kan, kí ẹ sì sun alẹ́ méjì sí i kí ẹ tó dá ìpinnu kankan.

Níbi ìpàdé àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀, ẹ máa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìtàn bí ẹ ṣe jayé nígbà náà, ìyẹn máa ń ru ọkàn àwọn tó ń gbọ́ sókè. Ẹ sọ ti wákàtí kan tó ṣáájú ìgbà tí ẹ mu ún kẹ́yìn: ibi tí ẹ wà, ẹni tó pè yín, iye owó tó wà lápò yín, irọ́ tí ẹ pa fún ara yín. Inú wákàtí yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ nílò fún ìgbésẹ̀ tó kàn wà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ ìwé ọjọ́ ìṣubú kí ẹ tó jáde

Ojú ewé kan tó. Kí ẹ̀yin àti agbaninímọ̀ràn yín jókòó kọ ọ́ nígbà tí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lọ. Irú ohun tí ẹ lè kọ nìyí:

*Ohun tó máa ń fà mí lọ: owó oṣù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sán Sátidé tí mi ò bá ní nǹkan kan láti ṣe.*

*Ohun tí àwọn ará ilé á kọ́kọ́ rí lára mi: mi ò ní máa gbé fóònù. Màá máa dá jẹun nínú yàrá. Màá ní ìpàdé ń jẹ àkókò mi.*

*Bí mo bá mu ún: màá kúrò níbẹ̀. Màá pe ẹni àkọ́kọ́. Bí kò bá gbé e, màá pe ẹnì kejì, lẹ́yìn náà ẹnì kẹta. Ohun tí màá sọ ni: "Mo ti mu ún. Ibi báyìí ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."*

Ẹ kọ gbólóhùn yẹn tán pátápátá, nítorí pé lọ́jọ́ náà ẹnu á wúwo. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ á gbé fóònù sílẹ̀, á ní ó dọ̀la. Kí àwọn mẹ́ta tí ẹ kọ orúkọ wọn sí i mọ̀, kí wọ́n sì gbà kí ẹ tó kọ ọ́. Kí ẹ̀dà kan wà lápò yín, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ilé.

Bó bá jẹ́ heroin, kọdíìn, tramadol tàbí irú wọn ló gbé yín débẹ̀, ẹ béèrè fún naloxone kí ẹ tó jáde, oògùn tí wọ́n máa ń fín sí imú ẹni tí àpọ̀jù irú oògùn yẹn fẹ́ dá èémí rẹ̀ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ ẹbí yín bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá jáde

Kí ẹnì kan wá mú yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má dá lọ. Kí ẹlòmíràn ti kó gbogbo ọtí àti oògùn kúrò nínú ilé kí ẹ tó dé. Ẹ pa nọ́ńbà ẹni tó ń tà á fún yín rẹ́. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi iṣẹ́, ì báà jìn díẹ̀. Bí owó lọ́wọ́ bá jẹ́ ìdẹwò fún yín, kí ẹnì kan máa bá yín tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu jíjáwọ́ máa ń wo nǹkan mẹ́rin lára ara wọn: ebi, ìbínú, ìdáwà, àárẹ̀. Bí ọkàn bá ti ń fà, ẹ kọ́kọ́ béèrè èwo nínú mẹ́rin yìí ló ń ṣe yín. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ó ti wọ́pọ̀ tó pé oúnjẹ gbígbóná àti oorun wákàtí méjì ló tán án.

Bí kò bá tán, ẹ wo aago. Ìfẹ́ líle yẹn máa ń gùn sókè bí ìgbì omi, a máa dé góńgó, a sì máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ má gbìyànjú láti lé e lọ. Ẹ jókòó, kí ẹ wo ibi tó wà lára yín: ṣé àyà ló fún ni, àbí ọ̀fun ló gbẹ, àbí ọwọ́ ló ń yún yín? Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 10 bá ti kọjá tó ṣì le, ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ sì máa rìn bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wá ẹgbẹ́. Alcoholics Anonymous, ti àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí, bẹ̀rẹ̀ ní Akron, Ohio, ní Amẹ́ríkà, ní 1935, Narcotics Anonymous, ti àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró, tẹ̀ lé e ní 1953, méjèèjì sì ti wà káàkiri ayé. SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ èyí tó mẹ́nu ba Ọlọ́run. Bí ìpàdé àkọ́kọ́ kò bá bá yín lára mu, ẹ gbìyànjú òmíràn kí ẹ tó ní kò wúlò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá yọ̀

Alan Marlatt, onímọ̀ ìrònú òun ìhùwàsí ní Yunifásítì Washington, ṣàlàyé ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jáwọ́ mọ̀. Ife kan kọ́ ló máa ń sọ èèyàn padà sí ti àtijọ́. Ohun tí èèyàn bá sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ife náà ni: "Mo ti bà á jẹ́. Kò sí ohun tó tún kù. Ẹ jẹ́ n kúkú mu ún tán." Láti inú gbólóhùn yẹn ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ń jáde. Ife kan ni ẹ mu. Ẹ gbé ìyókù sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ife náà kò tíì tán.

Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má dúró ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe ẹni àkọ́kọ́ tó wà nínú ìwé yín, kí ẹ sì ka gbólóhùn náà bí ẹ ṣe kọ ọ́.

Ewu kan wà tó ju gbogbo ewu lọ. Ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìfọwọ́ kan heroin tàbí irú rẹ̀, ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìwọ̀n tí kò ṣe é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ lè dá èémí rẹ̀ dúró lónìí. Ìdí nìyẹn tí ikú fi pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá jáde nínú ìtọ́jú. Bí agbára yín kò bá gbé e láti má mu ún lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dá mu ún, ẹ má ti ilẹ̀kùn, ẹ má da ọtí tàbí oògùn oorun pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì súnmọ́ ìwọ̀n àtijọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fẹ́ kí n kọ èyí. Ẹni tó bá wà láàyè nìkan la lè tọ́jú.

Fún ẹni tó wà nítòsí: bí ẹ bá rí i tó ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí èémí rẹ̀ ń jìnnà síra, tí ètè tàbí èékánná rẹ̀ ń di àwọ̀ eérú, tí ẹyinjú dúdú rẹ̀ kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, tí kò sì dáhùn bí ẹ ṣe ń pè é, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ẹ fín naloxone sí i nímú. Bí kì í bá ṣe irú oògùn yẹn ló mu, naloxone kò ní pa á lára. Ẹ tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ sì máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ìṣẹ́jú 2 sí 3 bá kọjá tí kò yí padà, ẹ fín ìkejì. Bó bá ti ń mí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa fún un lọ́rùn. Ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kódà bó bá jí tó ń sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kó lọ: agbára naloxone lè tán láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, kí oògùn tó wà lára rẹ̀ sì tún mú un padà.

Bó bá jẹ́ ọtí ni, tí ẹ sì ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó rántí ìwé yìí, ẹ tún padà sí ìgbésẹ̀ 1. Ẹ má fi ìbínú dá a dúró lójijì. Ẹni tó ń lo naltrexone tàbí buprenorphine tó wá tún fọwọ́ kan heroin, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó tún lo oògùn rẹ̀, torí pé ó lè mú ìyà ìjáwọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mu ọtí lórí disulfiram, oògùn tó máa ń mú kí ọtí di àìsàn síni lára, tí àyà ń dùn tàbí tí èémí kò já geere, ilé ìwòsàn ni kó forí lé.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́: ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn síbi tí ẹnì kan wà. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má bá ìyàwó tàbí ọkọ sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo ẹ̀yìn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ̀yin àti agbaninímọ̀ràn yín tọ ẹsẹ̀ yín padà. Ẹ ó rí i pé ìṣubú náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó gbé ife. Bóyá ẹ ti ń pa ìpàdé jẹ. Bóyá ẹ ti dá oògùn yín dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bóyá ẹ kàn ya ibì kan láti kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ẹ fi èyí tí ẹ bá rí kún ìwé yín.

Ṣé kí ẹ tún padà wọ ilé ìtọ́jú? Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ mu ún, tí ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà, tí ilé yín sì ní àlàáfíà, ó ṣeé ṣe kí ìpàdé sí i àti àtúnṣe sí oògùn yín tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń mu ún lójoojúmọ́, bí àìmu rẹ̀ bá ti ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n, bí àpọ̀jù oògùn bá ti gbé yín ṣubú, tàbí bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá ń mu ún níṣojú yín, ẹ padà. Ẹni tó padà kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti mọ ohun tí kò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Fún ẹ̀yin ẹbí

Ẹ̀gún ni ọ̀rọ̀ náà máa jẹ́ lọ́kàn yín, mo mọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ jẹ gbèsè kí ó tó rí ìtọ́jú. Síbẹ̀, "Mo ti mọ̀ pé o ò lè ṣe é" kì í ṣe ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sọ pé, "O ṣe dáadáa tí o pè mí. Mò ń bọ̀." Ìyókù ọ̀rọ̀ lè dúró di ìgbà tí ojú rẹ̀ bá dá.

Èyí kò ní kí ẹ máa bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ lè fún un lóúnjẹ kí ẹ má fún un lówó. Ẹ lè kọ̀ láti pa irọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Bí ìwà ipá bá wọ̀ ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tí ẹ bá sì sọ pé ẹ ó ṣe, ẹ ṣe é, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́. Ẹ̀yin náà nílò ẹni tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀. Láti 1951 ni Al-Anon ti wà fún ìdílé àwọn tí ọtí di bárakú fún.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí òun fúnra rẹ̀ pe ilé ìtọ́jú, kí ẹ jókòó tì í. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ bá a pè é. Ẹ béèrè bóyá àyè wà, ohun tó yẹ kó mú wá, àti aago tí wọ́n fẹ́ kó dé. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, ẹ béèrè ibòmíràn tí wọ́n mọ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ gba ọjọ́ tí dókítà lè rí i nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà.